Oyin Inú Àpáta: Ìdánwò àti Àfijọ Àká Gáàsì Tó Dì Sábẹ́ Ilẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tí ẹgbẹ́ yín ṣe agbátẹrù ìpàdé yìí, ìwé tí ẹ fi pè mí sọ pé kí n mú ọ̀rọ̀ kan wá nínú ìmọ̀ ilẹ̀, èyí tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀, kí n sì fi èdè Yorùbá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe ìgboyà ni, ó sì dára fún ẹni tó ti rí oyin náà lójú kòrókòró. Ṣùgbọ́n oyin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, èèyàn kò lè rí i lójú kí ó tó ná owó rẹpẹtẹ, àáké tí a ó sì fi là á lè ba oyin jẹ́, ó sì lè wó àpáta lé ẹni tó ń là á lórí. Nídìí irú oyin bẹ́ẹ̀, ẹnu àáké gan-an ló yẹ kí á kọ́kọ́ wò. Ohun tí mo wá sọ kò ju ọ̀kan lọ: gáàsì tó dì, tí a gbọ́ pé ó wà nínú ilẹ̀, kò tíì di ọrọ̀. Kí ó tó di ọrọ̀, ó gbọ́dọ̀ rí ìdánwò tó pẹ́ tó, ó sì gbọ́dọ̀ ní àfijọ orí kọ̀ǹpútà tó ti sọ ohun tí ìdánwò náà yóò bí kí wọ́n tó ṣí kànga. Níbi tí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá sí, iye yòówù tí wọ́n bá pè fún wa, kí á gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ àhesọ.

Ohun tí à ń pè ní yìnyín gáàsì

Yìnyín tó ń jóná ni. Níbi tí omi bá ti tutù, tí agbára ìtẹ̀ ńlá wà lórí rẹ̀, tí gáàsì sì pọ̀ láyìíká, àwọn molékù omi a máa so ọwọ́ pọ̀ bí ẹni hun àgò adìyẹ, wọn a sì dé gáàsì mọ́ abẹ́ àgò náà. Mẹ́téènì ni gáàsì tó sábà máa ń há síbẹ̀, òun kan náà ló pọ̀ jù nínú gáàsì tí wọ́n ń sọ di olómi ní Bonny kí wọ́n tó kó o lọ sókè òkun. Tí a bá ṣáná sí èkìrí yìnyín yìí, iná á máa jó lórí rẹ̀, omi á sì máa kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Háídíréètì gáàsì ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sọ ọ́. Yìnyín gáàsì ni n ó máa pè é. Kúbíìkì mítà kan rẹ̀, bó bá tú tán, á fún wa ní gáàsì tó tó kúbíìkì mítà 164, omi tó bá a jáde á sì tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá kúbíìkì mítà kan. Humphry Davy ti rí irú rẹ̀ nínú yàrá ìwádìí ní ìlú London ní ohun tó lé ní igba ọdún sẹ́yìn, gáàsì kíloríìnì ló fi ṣe é. Ní 1934, onímọ̀ kan, Hammerschmidt, fi hàn ní Amẹ́ríkà pé òun ló ń dí páìpù gáàsì nígbà òtútù. Ó di àwọn ọdún 1960 kí Yuri Makogon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Soviet tó sọ pé ó wà nínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí ọwọ́ èèyàn nínú rẹ̀. Ibi méjì ló sábà máa ń gbé: abẹ́ ilẹ̀ tó dì tí kì í yọ́ látọdúndọ́dún ní ìhà àríwá ayé, àti abẹ́ ìsàlẹ̀ òkun jíjìn.

Iye tó wà nílẹ̀ àti iye tó lè jáde

Ní 1988, onímọ̀ ilẹ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Keith Kvenvolden, ṣírò pé mẹ́téènì inú yìnyín gáàsì gbogbo ayé lè tó nǹkan bí 21,000 tírílíọ̀nù kúbíìkì mítà. Ariwo iye yẹn kò tíì rọlẹ̀ títí di òní; òun ló wà nídìí ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń sọ pé yìnyín yìí ju gbogbo epo, èédú àti gáàsì ayé lọ lápapọ̀. Nígbà tó fi di 2011, ìṣirò tí àwọn onímọ̀ méjì, Ray Boswell àti Timothy Collett, gbé jáde ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 3,000 tírílíọ̀nù. Gáàsì náà kò sá lọ síbì kankan láàárín ọdún mẹ́tàlélógún yẹn. Ilẹ̀ ni wọ́n túbọ̀ mọ̀. Ẹ wo ti Alaska tí kò jìnnà síra wọn tó bẹ́ẹ̀. Ní 2008, USGS, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìmọ̀ ilẹ̀, kéde pé gáàsì tí ọgbọ́n ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ lè fà jáde nínú yìnyín ìhà àríwá Alaska tó 85.4 tírílíọ̀nù kúbíìkì ẹsẹ̀bàtà. Ní 2019 wọ́n gbé ìṣirò tuntun jáde, ó di 53.8. Ilé iṣẹ́ kan náà ni, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ wọn bó ti yẹ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti yáwó lórí iye àkọ́kọ́ yóò ti wọ gbèsè.

Ìdí tí iye yìí fi ń fò sókè sódò ni pé ibi tí yìnyín náà sùn sí ṣe pàtàkì ju bó ṣe pọ̀ tó lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, ó fọ́n ká bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀, ta ni yóò ṣà á jáde? Díẹ̀ péré ló wà nínú iyanrìn, níbi tí àlàfo wà láàárín hóró kan àti èkejì, tí yìnyín sì kún àlàfo yẹn débi pé ó lè gba ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀. Irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè ní àká, nítorí pé bí àká àgbàdo ló rí: ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, ó sì ní ẹnu tí a lè gbà kó o. Síbẹ̀, àdììtú kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú àká àgbàdo. Bí yìnyín bá ṣe kún àlàfo iyanrìn tó ni àká ṣe lọ́rọ̀ tó. Bó sì ṣe kún un tó náà ni ọ̀nà tí gáàsì àti omi yóò gbà jáde ṣe dí tó. Ọrọ̀ àti ìdíwọ́ jẹ́ ohun kan náà ní ibi kan náà. Ẹni tó bá ka yìnyín nìkan, tí kò wọn ọ̀nà, kò tíì mọ nǹkan kan nípa àká náà.

Ohun tí kànga Mallik kọ́ ayé

Ẹ jẹ́ kí á fi kànga ẹ̀rọ tí à ń gbẹ́ sí àgbàlá wa wé ìdánwò irú àká bẹ́ẹ̀. Bí àwọn agbẹ́kànga bá ti kan omi, àwọn tó mọṣẹ́ nínú wọn kì í palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ́jọ́ náà. Wọn á fa omi fún wákàtí púpọ̀, wọn á máa wọn bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, wọn á sì dúró wo bí yóò ṣe padà kún. Kànga tó ń tú omi yàà ní wákàtí àkọ́kọ́ lè gbẹ kó tó di ọjọ́ kẹta, èyí tó sì ń yọ iyanrìn yóò ba ẹ̀rọ jẹ́ kó tó pẹ́ rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdánwò yìnyín gáàsì rí ní ìpìlẹ̀, àfi pé ohun tí a fẹ́ fà kò tíì di ohun tó ṣeé fà: ó dì gbagidi sáàárín iyanrìn, níbi tó wà náà la sì ti gbọ́dọ̀ tú u. Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni wọ́n ti gbìyànjú. A lè gbé ooru lọ bá a. A lè fa omi inú kànga kí ìtẹ̀ lè dín kù, kí àgò náà fi ara rẹ̀ tú. A sì lè fún un ní nǹkan mìíràn tí yóò gba ipò mẹ́téènì nínú àgò.

Ẹ kọ́kọ́ wo Messoyakha, ní Siberia: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa gáàsì níbẹ̀ ní nǹkan bí 1970, ìtẹ̀ inú àká náà kò sì lọ sílẹ̀ bí wọ́n ti retí. Àwọn kan ní yìnyín tó wà lókè gáàsì ló ń tú díẹ̀díẹ̀ tó ń rọ́pò ohun tí wọ́n fà. Àwọn mìíràn kò gbà. Àríyànjiyàn náà wà títí dòní, nítorí pé wọn kò wọn àká náà tó nígbà tó yẹ kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ẹ fi èyí sọ́kàn: gáàsì jáde lóòótọ́, ọdún gorí ọdún, a kò sì lè sọ ibi tó ti wá.

Mallik yàtọ̀. Ẹnu odò Mackenzie ní Kánádà ló wà, nítòsí òkun Beaufort, níbi tí ilẹ̀ dì wọnú tó ọgọ́rùn-ún mítà mẹ́fà. Ilé iṣẹ́ epo kan ṣèèṣì kan yìnyín gáàsì níbẹ̀ ní 1972. Ní 1998, Jàpáánì àti Kánádà lọ síbẹ̀ láti gbẹ́ kànga ìwádìí. Ní 2002, àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà, Jámánì àti Íńdíà dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n rọ omi gbígbóná yí ká inú kànga fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún, gbogbo gáàsì tó sì jáde kò ju nǹkan bí kúbíìkì mítà 500 lọ. Ẹni tó ń wá ọjà títà yóò sọ pé òfo ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti na wáyà gíláàsì tín-ín-rín wọ inú ilẹ̀ náà, ó ń wọn ooru láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìsinmi. Ó fi hàn wọ́n bí ooru ṣe ń rìn, ibi tó ti ń yára àti ibi tó ti ń fà. Ìmọ̀ yẹn ni wọ́n lọ fi tún àfijọ wọn ṣe. Àfijọ náà sì sọ fún wọn gbangba pé bí wọ́n bá ń rọ omi gbígbóná lọ báyìí, ooru tí wọn yóò ná yóò pọ̀ ju èrè lọ, pé kí wọ́n dín ìtẹ̀ kù dípò rẹ̀. Ní 2007 wọ́n dán ìyẹn wò. Kò pé ọjọ́ kan tí iyanrìn fi tẹ̀ lé omi wọ inú kànga, iṣẹ́ dúró. Ní 2008 wọ́n fi asẹ́ sí ẹnu ibi tí gáàsì ń gbà wọlé, wọ́n sì fà á fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà: kúbíìkì mítà bí 13,000 jáde. Láti 500 dé 13,000, nínú ilẹ̀ kan náà. Ìdánwò ló bí àfijọ, àfijọ ló darí ìdánwò tó tẹ̀ lé e, asẹ́ kékeré kan ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àfijọ ṣẹ.

Bí a ṣe ń fi ìṣirò kọ́ ilẹ̀

Mo ti ń pe àfijọ láti ẹ̀ẹ̀kan; ó yẹ kí n sọ ohun tó jẹ́. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ mọ oko rẹ̀ yóò pín in sí ebè. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ṣe ń pín ilẹ̀ sí ebè lórí kọ̀ǹpútà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ebè, àwọn tó wà nítòsí kànga kéré gan-an, àwọn tó jìnnà tóbi. Nínú ebè kọ̀ọ̀kan, ìwé ìnáwó mẹ́rin ló ń lọ lọ́wọ́: ti omi, ti gáàsì, ti ooru, àti ti ẹrù tí iyanrìn rù. Ohun tó bá jáde nínú ebè kan gbọ́dọ̀ wọ inú ebè tó kàn án. Kò sí jìbìtì nínú ìwé yìí. Kọ̀ǹpútà á ṣírò gbogbo rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á tún un ṣírò fún òmíràn, títí tí yóò fi di oṣù tàbí ọdún. TOUGH+HYDRATE ni wọ́n pe ètò ìṣirò tí wọ́n kọ ní ilé ìwádìí Lawrence Berkeley ní California, MH21-HYDRES ni ti Jàpáánì. Àwọn mìíràn sì tún wà.

Ìwé ti ooru ló máa ń ya àwọn tí kò mọ iṣẹ́ yìí lẹ́nu jù. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Kí àgò omi tó tú, ó gbọ́dọ̀ jẹ ooru, ara iyanrìn tó yí i ká ló sì ti ń jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi gáàsì dáná nílé ẹ ti rí ohun tó jọ ọ́: bí gáàsì bá ń jáde gidigidi nínú sílíńdà, ara irin náà á tutù, omi á máa yọ lára rẹ̀. Nínú ilẹ̀, ìtutù yẹn lè pọ̀ débi pé yìnyín tuntun yóò dì sí ẹnu ọ̀nà tí gáàsì ń gbà bọ̀, iṣẹ́ á sì pa ara rẹ̀ mọ́lé. Ẹni tó bá ń fà á kíákíá nítorí ìwọra yóò tètè dé ibi tí kò ti ní rí nǹkan fà. Bí a ṣe lè yára tó, níbo ni ìtutù yóò ti dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ooru wo ni yóò ti òkè àti ìsàlẹ̀ àká wá gbà á sílẹ̀: ojú kò lè rí ìwọ̀nyí, ọwọ́ kò lè tó wọn. Ìṣirò nìkan ló lè dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣirò kò lè jẹ afẹ́fẹ́. Ó fẹ́ mọ ìdá àlàfo tí yìnyín gbà, ó fẹ́ mọ bí omi ṣe lè rìn láàárín iyanrìn tó, ó fẹ́ mọ ìtẹ̀ àti ooru ibẹ̀. Wọ́n ń fi iná mànàmáná wọn ara kànga, nítorí pé yìnyín kì í jẹ́ kí iná rìn bí omi iyọ̀ ṣe ń jẹ́ kó rìn. Wọ́n tún ń gé ilẹ̀ náà jáde ní gbọọrọ bí ìrèké, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ yìí ṣòro gan-an, torí pé yìnyín tí wọ́n bá gé lásán yóò ti di omi àti gáàsì kó tó dé òkè. Wọ́n wá ṣe irinṣẹ́ tó ń ti ìtẹ̀ ìsàlẹ̀ mọ́ ara ègé ilẹ̀ náà láti ìsàlẹ̀ òkun títí dé yàrá ìwádìí, kí ó má mọ̀ pé òun ti kúrò nílé. Mo ka irinṣẹ́ yẹn sí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tó dára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ní 2007 ní Mount Elbert, ìhà àríwá Alaska, wọ́n ṣe ìdánwò kékeré tí kò gba ju wákàtí mélòó kan lọ: wọ́n fa omi díẹ̀ nínú ihò tóóró, wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n wo bí ìtẹ̀ ṣe ń padà. Wọ́n pín èsì náà fún ẹgbẹ́ ìwádìí oríṣiríṣi, kí kálukú fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá ìdí rẹ̀. Wọ́n sì tún gbé ìbéèrè kan náà fún àwọn àfijọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti wò bóyá ìdáhùn wọn yóò dọ́gba. Iṣẹ́ gidi ni, mo sì yìn wọ́n. Síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tó lè fi hàn wá àti ohun tí kò lè fi hàn. Bí àfijọ márùn-ún bá fohùn ṣọ̀kan, a mọ̀ pé ìṣirò wọn tọ̀nà. A kò tíì mọ̀ pé ilẹ̀ náà rí bí wọ́n ṣe rò ó. Ìdánwò kúkúrú sì ní àléébù mìíràn: oríṣiríṣi ilẹ̀ lè bí èsì kan náà fún wákàtí díẹ̀, kí ọ̀nà wọn tó pínyà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé àfijọ tí a tún ṣe lẹ́yìn ìdánwò kí ó lè bá èsì mu kò tíì jẹ́rìí sí nǹkan kan. Èyí tó kọ èsì sílẹ̀ ṣáájú ni ẹlẹ́rìí.

Nankai

Jàpáánì kò ní epo, kò ní gáàsì tó tó nǹkan, ó ń ra èyí tó pọ̀ jù láti ìta. Láti 2001 ni ìjọba wọn ti gbé ètò ìwádìí yìnyín gáàsì kalẹ̀. Wọ́n ṣírò pé gáàsì tó wà ní ìlà-oòrùn ọ̀gbun Nankai nínú òkun wọn nìkan tó nǹkan bí 1.1 tírílíọ̀nù kúbíìkì mítà, wọn kò sì jẹ́ kí iye yẹn tàn wọ́n jẹ. Ní oṣù kẹta 2013, ọkọ̀ òkun Chikyu dúró lórí omi tó jìn tó nǹkan bí 1,000 mítà, wọ́n sì dín ìtẹ̀ kù nínú àká tó wà ní nǹkan bí 300 mítà lábẹ́ ìsàlẹ̀ òkun. Òun ni ìdánwò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú òkun ní gbogbo ayé. Wọ́n ti gbẹ́ kànga àyẹ̀wò sí nǹkan bí 20 mítà sí kànga gáàsì, láti máa wo bí ìtutù yóò ṣe rìn dé ibẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni gáàsì fi jáde, nǹkan bí kúbíìkì mítà 20,000 lójúmọ́. Lọ́jọ́ kẹfà, iyanrìn ya wọ inú kànga, ó parí.

Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi tún asẹ́ ṣe. Ní 2017 wọ́n padà síbẹ̀ pẹ̀lú kànga méjì. Àkọ́kọ́ tún yọ iyanrìn, wọ́n dá a dúró lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá, pẹ̀lú nǹkan bí kúbíìkì mítà 41,000. Èkejì ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rìnlélógún, iyanrìn kò yọ, ó sì fún wọn ní ohun tó lé ní 220,000. Ìròyìn ayé kí wọn kú oríire. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tó wà nídìí iṣẹ́ náà rí ohun tí àwọn oníròyìn kò bèèrè. Àfijọ wọn ti sọ ṣáájú pé bí ibi tí yìnyín ti ń tú bá ṣe ń gbòòrò sí i, gáàsì ojoojúmọ́ yóò máa pọ̀ sí i. Kò pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe retí. Omi wà níbẹ̀ tí wọn kò ṣírò tán, ilẹ̀ náà sì rí págunpàgun ju bí ebè orí kọ̀ǹpútà ti rí lọ. Wọ́n gbé àìbáramu yẹn jáde fún gbogbo ayé láti kà. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n fà jáde ní Nankai, àìbáramu yẹn ni mo kà sí èyí tó níye lórí jù, torí pé ó sọ fún ayé ibi tí ìmọ̀ ti mẹ́hẹ.

Èsì fún àwọn tí kò gbà

Ẹnìkan lè sọ pé: bí àfijọ bá ń ṣìnà bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kò kúkú gbẹ́ kànga, kí á wo ohun tó máa jáde? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, kànga kò sì rìn jìnnà: ohun tó wà ní mítà díẹ̀ sí i nìkan ló ń sọ. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún kò lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọdún kẹta. Bí kò bá sí àfijọ, Nankai ì bá ti parí sí "gáàsì jáde, iyanrìn kò jáde", wọn ì bá sì ti kọ́ ilé iṣẹ́ lórí àṣìṣe tí wọn kò mọ̀ pé ó wà. Àfijọ tó ṣìnà níwájú ẹlẹ́rìí sàn ju ìrètí tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò.

Ẹlòmíràn lè tọ́ka sí Ṣáínà. Ní agbègbè Shenhu, nínú òkun gúúsù Ṣáínà, wọ́n fa gáàsì fún ọjọ́ 60 ní 2017, ó lé ní kúbíìkì mítà 300,000. Ní 2020 wọ́n gbẹ́ kànga tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ lọ sínú ìpele yìnyín, kúbíìkì mítà 861,400 sì jáde ní ọjọ́ 30, nǹkan bí 28,700 lójúmọ́. Inú ẹrẹ̀ kíkúnná ni wọ́n ti rí i fà, ibi tí ọ̀pọ̀ ti sọ pé kò ṣeé ṣe, àṣeyọrí ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n kànga gáàsì tó dára nínú òkun lásán lè fún ni ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù kúbíìkì mítà lójúmọ́. Àlàfo tó wà láàárín iye méjèèjì kò ṣeé fi ìdùnnú dí, ọgbọ̀n ọjọ́ kò sì lè sọ fún wa bóyá yóò dín kù tàbí yóò pọ̀ sí i lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí ló fà á tí mo fi ka ìdánwò tí Amẹ́ríkà àti Jàpáánì bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ Alaska ní 2023 sí pàtàkì. Orí ilẹ̀ ló wà, ọkọ̀ òkun tí owó rẹ̀ ń ka wákàtí kò sí níbẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀ títí wọ 2024.

Èyí tó le jù nínú àtakò ni ti àwọn tó ní kí á fi í sílẹ̀ pátápátá, nítorí ayé ń gbóná. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ wọn wúwo: láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, mẹ́téènì ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po bíi méjìdínlọ́gbọ̀n káábọ̀nù dàíọ́kísáìdì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi í sílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá yóò dúró níbi tí a fi í sí. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun kan ya lulẹ̀ ní Storegga, létí òkun Nọ́wè, ní nǹkan bí 8,000 ọdún sẹ́yìn, ó sì rú omi sókè dé etíkun Scotland. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ onímọ̀ di ẹ̀bi rẹ̀ ru yìnyín gáàsì. Nígbà tí wọ́n túbọ̀ wọn ilẹ̀ náà tí wọ́n sì ṣírò rẹ̀, wọ́n rí i pé ẹrẹ̀ tí òkè yìnyín ayé àtijọ́ kó jọ síbẹ̀ kíákíá, àti ìmìtìtì ilẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ló ní ẹ̀bi tó pọ̀ jù. Ìdánwò àti àfijọ ló tú ẹlẹ́jọ́ náà sílẹ̀. Ní ti ayé tó ń gbóná náà, ní Ignik Sikumi ní Alaska, ní 2012, wọ́n tilẹ̀ gbìyànjú láti fi káábọ̀nù dàíọ́kísáìdì tí wọ́n lú mọ́ náítírójìn rọ́pò mẹ́téènì nínú àgò rẹ̀. Mẹ́téènì jáde, apá kan nínú káábọ̀nù dàíọ́kísáìdì náà sì dúró sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí pàṣípààrọ̀ náà ṣe lọ gan-an nínú àká, ìṣirò kò tíì fohùn ṣọ̀kan lé e. Èmi kò ní fi irú ìdánwò kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Omi jíjìn tiwa

Yìnyín yìí kò jìnnà sí wa bí a ti rò. Ó wà ní ìsàlẹ̀ òkun jíjìn iwájú Niger Delta. Ní 2011, àwọn onímọ̀ láti Ifremer ní Faransé gbé MeBo, ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun tí Yunifásítì Bremen ní Jámánì ṣe, wá síbẹ̀, wọ́n sì gé yìnyín gáàsì jáde nínú àwọn kòtò ìsàlẹ̀ òkun. Ní Bonga, nínú omi jíjìn wa, níbi tí wọ́n ti ń fa epo láti 2005 lábẹ́ omi tó ju 1,000 mítà lọ, ìtutù ìsàlẹ̀ òkun àti ìtẹ̀ ibẹ̀ tó ohun tí gáàsì àti omi nílò láti dì papọ̀ sínú páìpù. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin onímọ̀ ẹ̀rọ wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nínú omi jíjìn fi mọ ọ̀tá yìí dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ mìíràn lẹ ń pè é.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí Nàìjíríà máa lé e? Èrò mi ni pé kò tíì yẹ. Gáàsì tí kò dì, tí a ti mọ̀ pé a ní, ju 200 tírílíọ̀nù kúbíìkì ẹsẹ̀bàtà lọ, a sì ṣì ń sun apá kan rẹ̀ dànù lójú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á mọ ibi tó wà àti bó ṣe ń hùwà, nítorí pé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ òkun yẹn náà la na páìpù wa sí. Mo sì fẹ́ bẹ̀ ẹ̀yin olùkọ́ pé kí ẹ má fi ìṣirò ebè yìí pa mọ́ fún àwọn ọmọ wa. Ìdílé ìṣirò kan náà ni wọ́n fi ń mọ bí omi kànga wa ṣe ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ àti bí ìdọ̀tí ṣe ń wọ inú rẹ̀. Ọmọ tó bá lè ṣírò bí ìtẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀ nínú kànga ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Mallik.